Èmi Nìkan Ni Kò Ní Ìkejì

Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí mo ń kó apẹ̀rẹ̀ àti àpò iyọ̀ sí láyé ọjọ́un tí mo ń fi ọkọ̀ ojú omi ná ọjà kiri, ni wọ́n sọ di yàrá ẹ̀rọ. Mò ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n fipá gbà á ni. Wọn ò fipá gbà á. Èmi ni mo ní kí wọ́n wọlé.

Ọmọbìnrin íńjíníà kan ló wá bá mi. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, ó rẹ́ńtì yàrá sí Ìkòròdú, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí àwọn ọmọbìnrin ti ń jókòó lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré há etí, tí wọ́n ń dáhùn ìpè fún àwọn ilé ìwòsàn. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, tàbí tí obìnrin ń rọbí tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò mọ ibi tí wọn yóò gbé e gbà, nọ́ńbà wọn ni wọ́n ń pè. Iṣẹ́ ti ọmọ yìí ni pé kí ọ̀nà tí ìpè ń gbà má ṣe já. Ó ní wáyà méjì ni àwọn ń lò tẹ́lẹ̀, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan lè gbé e bí èkejì bá já. Ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Àfi ọjọ́ tí katakata kan tó ń la gọ́tà nítòsí Ìkòròdú Gáréèjì ki ọwọ́ bọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì fa wáyà méjèèjì tu pọ̀. Inú kòtò kan náà ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì sin wáyà wọn sí láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

"Màmá, mo sunkún lọ́jọ́ náà," ló wí fún mi. "Méjì tí mo ń kà, ọ̀kan ni."

Ló bá fi ẹsẹ̀ tọ ipa wáyà náà láti Gáréèjì, ó ń wo inú kòtò bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Ó ní àwọn ọlọ́kadà ń bi òun pé, "Àǹtí, ṣé òrùka yín ló já bọ́ ni?" Nígbà tó rìn ín tán, ó pinnu pé ọ̀nà kejì kò gbọdọ̀ gba inú ilẹ̀ Ìkòròdú rárá. Afẹ́fẹ́ ni yóò gbà. Wọn yóò ri òpó onírin kan mọ́lẹ̀ ní Ìkòròdú, òmíràn ní ẹ̀bá omi ní Ìjẹ̀dẹ́, èyí tó kẹ́yìn ní Ẹ̀pẹ́, kí ìpè máa fò láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, kó tó wá bọ́ sínú wáyà mìíràn tó gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ lọ. Orí òkè ni ilé wa wà. Bí ènìyàn bá dúró sórí òrùlé wa, yóò rí ọ̀sà títí ojú rẹ̀ yóò fi sú. Ìdí nìyẹn tó fi kan ilẹ̀kùn mi.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò kúkú máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ bí ọ̀nà bá já, bí àwọn ọmọ mi ṣe ń kọ ọ́ sórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ tí a kọ lè pẹ́ lọ́nà, kò sóhun tó máa ṣe é. Ohùn ni kò lè pẹ́. Bí ohùn bá fi ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan pẹ́, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lu ara wọn, inú á bí wọn, wọ́n á gbé fóònù jù sílẹ̀. Èyí yé mi dáadáa. Bí èmi àti ọkọ mi ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn kó tó kú, inú ilé kan náà la sì wà.

Ọmọ náà fara balẹ̀ púpọ̀. Gbogbo ohun tó kó wá ló kó ní méjì. Àpótí ẹ̀rọ méjì, fáànù méjì, bátìrì ńlá méjì fún ìgbà tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ méjì fún ìgbà tí bátìrì bá ń tán lọ. Ohun tí yóò máa tan jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n kò tíì dé títí di bí mo ti ń wí yìí. Títí yóò fi dé, ènìyàn ni yóò máa tàn án, ènìyàn náà sì ni èmi. Nítorí àwọn olè tó ń jí bátìrì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé nìkan ló lè mú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ tọwọ́ bọ ìwé, ọmọkùnrin mi àgbà wá jókòó tì mí. Íńjíníà ń kà á, àwa ń gbọ́. Nígbà tó dé ibì kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Ó ku orúkọ ẹnìkejì."

"Ẹnìkejì ti kí ni?" ọmọ mi béèrè.

"Ẹni tí yóò ní kọ́kọ́rọ́, sà. Tí Màmá ò bá... tí wọn ò bá sí."

"Tí wọn ò bá sí báwo?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, sà. Ìwé ló ní kí n béèrè."

"Ìwé wo? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí ló fẹ́ ṣe Màmá? Màmá wà níbí, wọn ò lọ ibì kankan. Ẹ̀mí wọn á gùn."

"Àmín, sà, àmín!" Íńjíníà ti kúnlẹ̀. Èmi náà ṣe àmín. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tó ń yan ẹja ní ẹ̀yìnkùlé, ṣe àmín láti inú èéfín láìmọ ohun tí a ń ṣe àmín sí. Íńjíníà fa ìlà gígùn kan gba orí àlàfo náà kọjá, mo tẹ àtàǹpàkò mi sísàlẹ̀, bí ìwé ṣe parí nìyẹn.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Bó bá jẹ́ pé ó kọ orúkọ ẹlòmíràn síbẹ̀ lójú mi ni, ǹ bá bínú. Ọmọ tó ti jókòó rò ó pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí katakata bá dé, bí iná bá lọ, bí ààrá bá sán, bí bátìrì bá kú, ojú ló tì í láti rò ó pé ìyá arúgbó lè má sí nílé. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ló fa ìlà sórí àlàfo yẹn, àwa la sì ṣe àmín sí i.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ ohun tí mo tẹ̀ka sí. Iná wa kì í dágbére kó tó lọ. Bó bá ti lọ, bátìrì á gbé ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́rin, nígbà tí bátìrì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, ó di mẹ́ta. Ibi tí mo bá lè dé, tí mo sì lè padà láàárín wákàtí mẹ́ta, ibẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù fún mi láyé. Mo lè dé ọjà. Mo lè dé mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n bí wáàsí bá ti ń gùn, ìdí mi kì í gbélẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ná ọjà ṣàìsàn ní Ìjẹ̀dẹ́, orí fóònù ni mo ti kí i títí ara rẹ̀ fi yá. Bí mo bá ń wẹ̀, mò ń gbọ́ fáànù yàrá yẹn. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, iná ti lọ nìyẹn, màá ti mú ọṣẹ kúrò lójú.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ìyàwó lásán ni mo ń pè é, kò jẹ́ kí n gbádùn.

"Ìyálé, ẹ ò bá kúkú so okùn mọ́ ẹsẹ̀ yín, kí n so orí rẹ̀ kejì mọ́ jẹnẹrétọ̀."

"Ìyàwó, ẹja rẹ ń jóná."

"Ẹja tèmi ń jóná, mo lè fi sílẹ̀ kí n lọ. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Báyìí la wà tí àbígbẹ̀yìn mi fi bímọ ní Ìtamaga, lápá Ìkòròdú. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá ọmọ náà. Lọ́dọ̀ wa, ìyá tó bí ìyá ọmọ ló ń lọ wẹ ọmọ tuntun. Ogójì ọjọ́ ni yóò fi wà níbẹ̀. Yóò máa fi omi gbígbóná tẹ ìdodo, yóò máa na apá àti ẹsẹ̀, yóò máa jó ikùn ìyá ọmọ kí ó lè padà sí bó ṣe wà. Mo ti wẹ ọmọ gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ti òun nìkan ló kù, òun ló sì ti dúró pẹ́ jù. Mo ti di ẹrù mi kó tó bí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ní Ìkòròdú tún gé wáyà abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tó máa tún un ṣe àfi tí wọ́n bá parí ọ̀nà. Íńjíníà pè mí.

"Màmá, ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo ìpè ń gbà báyìí o. Òun nìkan ló kù fún wa."

Mo sọ fún un pé ọmọ mi bímọ. Inú rẹ̀ dùn, ó kọrin fún mi lórí fóònù. Nígbà tó kọrin tán, kò bi mí ìgbà tí mo fẹ́ lọ, èmi náà kò sì sọ fún un.

Ọmọ mi náà ń pè láràárọ̀.

"Màámi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀."

"Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń gbìyànjú o."

"Ṣé wọ́n ń na ẹsẹ̀ rẹ̀?"

"Wọ́n ń nà án. Wọn ò nà án bí tiyín."

Mo mọ ìgbà tí ọmọ mi bá ń tù mí nínú. Ìyá ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹni tó yára ni. Bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sọ́kọ̀ ló ṣe ń wẹ ọmọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n gbé fóònù sí àárín ìjókòó kí n lè gbọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo wọ aṣọ tó dára, mo ká ìborùn, mo jókòó ní pálọ̀ èmi nìkan ní Ẹ̀pẹ́, mo gbé fóònù sórí ìrọ̀rí. Mò ń gbọ́ tí léèmọ́mù ń ṣàdúà. Ọ̀dọ̀ wa kò tíì ní iná láti àárọ̀, mo sì ti ka wákàtí mi dáadáa, ṣùgbọ́n bátìrì kò bá mi kà á. Ariwo tó máa ń pa bó bá fẹ́ kú ló ń pa yẹn. Mo sáré lọ ẹ̀yìn. Jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́ kọ̀, mo tan èkejì. Nígbà tí mo padà dé orí ìrọ̀rí, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n ń pín oúnjẹ. Mo ní láti béèrè orúkọ ọmọ ọmọ mi lọ́wọ́ ẹnì kan tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.

Lọ́jọ́ kejìlá mo gbé àpò mi, mo jáde. Mo dé ẹnu géètì. Mo ti gbé ọwọ́ lé irin láti ṣí i, tí mo wá rò ó pé ẹnì kan wà ní ibì kan báyìí tó gbé fóònù sétí, tó ń rọbí, tó ń dá ọmọbìnrin inú ilé-iṣẹ́ yẹn lóhùn pé ibi báyìí báyìí ni mo wà, ẹ jọ̀ọ́. Ohùn rẹ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá. Ọmọ tèmi ti bí tirẹ̀, ó ti dé ilẹ̀ láyọ̀. Ti ẹni yìí ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Mo gbé àpò mi padà sínú ilé. Mi ò tú u. Mo fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, mo pe Íńjíníà. Mo ní kó wá, òun fúnra rẹ̀, kó má fi ọ̀rọ̀ rán ẹnikẹ́ni. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù ti ń bà á. Mo fún un lómi, mo jẹ́ kó mu tán.

"Gbogbo nǹkan tó wà nínú yàrá yẹn, mélòó mélòó ni?"

"Méjì méjì ni, Màmá."

"Èmi ńkọ́?"

Ó rọra gbé ife omi náà sílẹ̀.

"Bí mo bá kú lọ́sàn-án yìí, ta ni yóò tan jẹnẹrétọ̀?"

"Háà, Màmá! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́! Ẹ ò ní kú, lórúkọ Jésù."

"Gbé àdúà yẹn sílẹ̀ ná. Mi ò bínú sí ọ. Dá mi lóhùn bí íńjíníà."

"Kò sí ẹnì kankan, mà."

"O rí i bí?"

"Mo mọ̀ ọ́n tipẹ́, mà. Ní ọ́fíìsì wọ́n bi mí, mo ní ẹ̀yin ò ní í lọ ibì kankan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wá ẹni tó máa rọ́pò yín lójú ara yín?"

Mo pe ìyàwó. Ó wá, ó ń nu ọwọ́ sára ìró. Mo ní òun ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kó gba kọ́kọ́rọ́ kejì. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ ojú rẹ̀ ló pòórá.

"Èmi? Rárá o, Ìyálé. Kí àwọn ará ilé yìí máa sọ pé mò ń dúró de ikú yín?"

"Ta ló ní kí o dúró dè é? Ìtamaga ni mo fẹ́ lọ."

"Wọn ò ní béèrè ibi tẹ́ ẹ lọ. Wọ́n á ní mo ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà láyé. Bí nǹkan bá wá ṣe yín, ẹnu ta ni mo fẹ́ bò? Ẹ bẹ̀ mí ní nǹkan mìíràn."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Bí mo bá wà nípò rẹ̀, ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn. A jókòó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹni tí òjò ká mọ́ abẹ́ àtíbàbà. Lẹ́yìn náà ni mo bi Íńjíníà pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ohun kejì ń ṣiṣẹ́, kó tó di pé wàhálà dé.

"A máa ń yọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, mà. Lójú ọ̀sán gangan, kò sóhun tó ṣe é. A ó wo bóyá èkejì á gbé e."

"Yọ mí."

"Màmá?"

"Yọ mí, mo ní. Kí ìyàwó má gba kọ́kọ́rọ́ o. Kó kàn wò ó bóyá ó lè ṣe é. Èyí kì í ṣe ikú, ìdánwò ni."

Ìyàwó rò ó. Ó ní bó bá jẹ́ ìdánwò ni, òun lè ṣe ìdánwò. Íńjíníà pe àwọn tó wà ní Ìkòròdú, ó sọ fún wọn kí wọ́n máa ṣọ́ ìpè. Ó pa iná ilé, ó yọ bátìrì kan, ó ní èyí tó kù ti gbó, kò ní í ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó gbé àga fún mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí mo ti lè rí ohun gbogbo, ó sì sọ òfin rẹ̀: mi ò sí nílé. Mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, mi ò gbọdọ̀ nawọ́, mi ò gbọdọ̀ fi ojú ṣe àpèjúwe.

Nínú gbogbo oṣù tí yàrá yẹn fi há mi mọ́lé, kò sígbà tó há mi tó ìgbà tí mo jókòó sórí àga yẹn. Ìyàwó fa okùn jẹnẹrétọ̀. Kò dáhùn. Ó tún fà á. Mo ti rí ohun tó ń ṣe é: kò tíì ṣí ẹnu ibi tí epo ń gbà. Nǹkan kékeré bí àtàǹpàkò ni, ó wà lábẹ́ tánkì, bí ó bá kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ yóò rí i. Ó ń fà á, ó ń làágùn.

"Ìyálé, kí ló ń ṣe é?"

Mo gbé ojú sí ọ̀sà.

"Ìyálé!"

"Màmá ò sí nílé, mà," Íńjíníà wí.

"Èwo ni wọn ò sí nílé? Ṣebí mò ń wò wọ́n níbẹ̀ yẹn!"

"Wọn ò sí, mà."

"Ìyálé, ẹ bá mi dá sí i! Ṣé báyìí lẹ ó ṣe máa wò mí?"

Mo di ọwọ́ àga mú. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, ó ń gbóná. Ariwo bátìrì ti bẹ̀rẹ̀. Íńjíníà ń wo abẹ́ tánkì, mo sì mọ̀ pé òun náà ti rí ibi epo. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá la ẹnu, èmi ni yóò tún máa wà níbẹ̀ lọ. Mi ò la ẹnu. Omi jáde lójú ìyàwó, ó gbá jẹnẹrétọ̀ ní ìpá, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tó jókòó sí ni ojú rẹ̀ ti bá abẹ́ tánkì pàdé. Ó wò ó. Ó ti lo sítóòfù oníkẹrosíìnì rí, ó mọ bí a ṣe ń ṣí epo. Ó yí i, ó dìde, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Íńjíníà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ láti Ìkòròdú, ó ní ìpè kankan kò já.

"Ẹ mú ìwé yẹn wá," ni ìyàwó wí, kò wo ojú mi. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìtamaga ni wọ́n lọ." Íńjíníà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sórí ìlà tó ti fà tẹ́lẹ̀, ìyàwó sì tẹ àtàǹpàkò tó kún fún òróró ẹja.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni mo dé Ìtamaga. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Ìkòròdú Gáréèjì, mo gun kẹ̀kẹ́ Márúwá, ara mi kò tíì gbà pé mo ti kúrò nílé. Ìyá ọkọ ọmọ mi pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìyá ìyá ọmọ, ẹ káàbọ̀! Ẹ wá gba ọmọ yín o, omi gbígbóná ti bó mi lọ́wọ́."

A dì mọ́ra wa. Ọmọ mi sunkún díẹ̀, mo ní kó lọ gbé omi kaná. Mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, wọ́n gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀. Mo gbé fóònù sórí àga níwájú mi. Mò ń bu omi, etí mi sì wà lọ́dọ̀ fóònù. Kò dún. Mo fọ orí rẹ̀, kò dún. Mo nu ọwọ́, mo pè é fúnra mi.

"Ìyàwó, ṣé iná wà?"

"Kò sí."

"Ṣé o ti tan..."

"Ìyálé, ọwọ́ mi dí. Ẹ wẹ ọmọ yín." Ó gbé e jù sílẹ̀.

Mo gbé fóònù padà sórí àga. Ọmọ mi bi mí pé ṣé kò sí wàhálà o, mo ní kò sí. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ náà, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo na tòsì, ó le díẹ̀ níbi orúnkún. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, mo fún omi rẹ̀ dànù, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún náà.